Ọ̀rá tí ń gbé jíìnì wọ inú sẹ́ẹ̀lì: ìbéèrè àti ìdáhùn láti Ògbómọ̀ṣọ́

Kẹ́místrì ni mo ń kọ́ni ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, èyí tí ó sì wà lọ́kàn mi jù nínú iṣẹ́ náà ni ṣíṣe àwọn ọ̀rá àtọwọ́dá tí a fi ń gbé jíìnì wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Ìbéèrè lórí rẹ̀ kì í tán: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bi mí, àwọn nọ́ọ̀sì ń bi mí, àwọn òbí tí ọmọ wọn ń ṣàìsàn náà a sì máa dá mi dúró ní Takie láti bi mí. Mo kó àwọn tí ó ń wá jù jọ síhìn-ín. Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá ṣàjèjì sí, jíìnì ni àṣẹ tí a kọ sára DNA, tí sẹ́ẹ̀lì ń kà kí ó tó mọ irú prótíìnì tí yóò ṣe.

Irú ọ̀rá wo ni ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an?

Ẹni tí ó bá ti jókòó ti ìyá tí ń se ọṣẹ dúdú rí ti mọ ìdajì ìdáhùn náà. Ìyá náà á jó èèpo kòkó di eérú, á sẹ́ omi eérú náà, á da àdín sí i lórí iná, á sì máa fi ọmọ orógùn rò ó títí yóò fi ki. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò yẹn ni pé ọ̀rá tí kì í bá omi rẹ́ tẹ́lẹ̀ ti ní orí tí ó fẹ́ràn omi, nígbà tí ìrù rẹ̀ gígùn ṣì ń sá fún omi tí ó sì ń wá epo kiri. Ìdí nìyẹn tí ọṣẹ fi ń ṣí epo kúrò lára abọ́. Iná mànàmáná tí ó wà ní orí ọṣẹ jẹ́ irú èyí tí a ń fi àmì ìyọkúrò kọ. Ọ̀rá tiwa, tí àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ń pè ní cationic lipid, ni òdìkejì rẹ̀: àmì ìròpọ̀ ni ó wà ní orí tirẹ̀, ó sì sábà máa ń ní ìrù méjì. N ó máa pè é ní ọ̀rá alámì-ìròpọ̀.

Ìbátan rẹ̀ wà nílé yín. Kírímù tí àwọn obìnrin ń fi sí irun lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán ní irú orí bẹ́ẹ̀, ìdí tí ó sì fi ń lẹ̀ mọ́ irun tí omi kò fi lè ṣàn án lọ tán ni pé irun tútù ní àmì ìyọkúrò. Àmì méjì tí kò jọra a máa fa ara wọn.

Kí ló dé tí jíìnì fi nílò ẹni tí yóò gbé e? Ṣé kò lè dá wọlé ni?

Kò lè dá wọlé. Ní gbogbo gígùn DNA ni àwọn fọ́sífétì wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní àmì ìyọkúrò kan. Bí a bá mú òrùka DNA kan tí ó ní 5,000 lẹ́tà ní méjìméjì, àmì ìyọkúrò 10,000 ni ó gbé rìn. Ara òde sẹ́ẹ̀lì náà ní àmì ìyọkúrò, nítorí náà wọ́n ń ti ara wọn sẹ́yìn. Yàtọ̀ sí èyí, DNA náà gùn: bí a bá tẹ́ ẹ tọ́ọ́rọ́, yóò gùn tó 1,700 nánómítà (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mílímítà), bẹ́ẹ̀ ìdì tí sẹ́ẹ̀lì lè gbé mì pẹ̀lú ìrọ̀rùn kò yẹ kí ó fi bẹ́ẹ̀ ju 100 tàbí 200 nánómítà lọ. Bí a bá sì da DNA lásán sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn ẹ́ńsáìmù inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn àwọn prótíìnì tí ń gé nǹkan, yóò gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ kí ó tó dé ibikíbi.

Ọ̀rá alámì-ìròpọ̀ ń yanjú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ó pa àmì ìyọkúrò náà lẹ́nu mọ́, ó ká DNA náà kúrú, ó sì bò ó lọ́wọ́ àwọn ẹ́ńsáìmù.

Ta ni ó kọ́kọ́ ṣe é?

Ní ọdún 1965, Alec Bangham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé bí a bá da omi lu irú ọ̀rá tí ó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì, yóò ká ara rẹ̀ di àpò róbótó róbótó. Ṣùgbọ́n ọdún 1987 ni ọ̀rọ̀ tiwa bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Philip Felgner àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Kalifọ́níà ṣe ọ̀rá kan tí wọ́n pè ní DOTMA, tí wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ọ̀rá mìíràn tí ń jẹ́ DOPE, tí wọ́n sì fi gbé DNA wọ inú sẹ́ẹ̀lì ju bí àwọn ọ̀nà àtijọ́ ti lè gbé e lọ. Ní 1989, Jean-Paul Behr àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé gbé tiwọn jáde. Ní 1991, Gao àti Huang so orí alámì-ìròpọ̀ mọ́ cholesterol, wọ́n sì pè é ní DC-Chol. DC-Chol yìí ni wọ́n fi gbé jíìnì sínú kókó àrùn jẹjẹrẹ awọ ara àwọn aláìsàn márùn-ún ní Amẹ́ríkà, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1993.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ọ̀rá tuntun, ibo ni ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀yà mẹ́ta ni ọ̀rá yìí ní: orí, ìrù, àti ìsopọ̀ tí ó so orí mọ́ ìrù. Ẹni tí yóò ṣe tuntun yóò yan ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kí ó tó yan ohunkóhun ni kí ó ti bi ara rẹ̀ pé: níbo ni mo fẹ́ kí ìdì yìí ti tú? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í bi ara wọn bẹ́ẹ̀. Gbogbo làálàá wọn ni kí ọ̀rá náà di DNA mú pinpin, bí wọ́n bá sì ti rí i pé ó dì í mú, wọ́n gbà pé iṣẹ́ ti parí. Àwa tí a wà ní ìlú Ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹ̀kà kí wọ́n tó mùkọ yangan, kò yẹ kí a ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, nítorí a mọ ohun tí ewé ń ṣe fún ẹ̀kọ. Ewé gbọ́dọ̀ mú ẹ̀kọ dúró láti ìdí ìkòkò títí dé ọjà, kò gbọdọ̀ jò, kò gbọdọ̀ ya. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ebi ń pa bá ṣí i, kí ewé bọ́ kí ẹ̀kọ sì jókòó síbẹ̀ lódidi. Ọ̀rá tí ó di DNA mú tí kò sì fi í sílẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì dà bí ewé tí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ.

Nípa ti orí, èyí tí ó rọrùn jù ni náítrójìn kan tí a so ẹgbẹ́ methyl mẹ́ta mọ́, bí ti DOTMA àti DOTAP, ọ̀rá mìíràn tí ó jọ ọ́. Àmì ìròpọ̀ irú orí bẹ́ẹ̀ wà títí láé, yálà inú omi tí ó kan tàbí inú omi tí kò kan. Behr gba ọ̀nà mìíràn: ó mú spermine, mólékù onínáítrójìn púpọ̀ tí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ń fi ká DNA tirẹ̀ jọ, ó sì sọ ọ́ di orí fún ọ̀rá rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n bí àmì ìròpọ̀ bá ti ń pọ̀ sí i ní orí kan náà ni ìdì náà ń le koko sí i, tí sẹ́ẹ̀lì sì ń jìyà sí i.

Ìsopọ̀ ni àwọn ènìyàn kì í kà sí, lójú tèmi ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí pọ̀ sí jù. Ìsopọ̀ ether ni ti DOTMA. Ó lágbára, ó ṣeé tọ́jú pẹ́, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kò mọ bí yóò ti gé e, nítorí náà ọ̀rá náà ń kójọ sínú ara, ó sì ń di ìyọnu. Ìsopọ̀ ester ni ti DOTAP, irú èyí tí ó wà nínú epo pupa àti òróró ẹ̀pà tí à ń jẹ lójoojúmọ́, àwọn ẹ́ńsáìmù ara sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n a gé e, ìrù á lọ síhìn-ín, orí á lọ sọ́hùn-ún. Àwọn mìíràn ń fi átọ́ọ̀mù sọ́fọ̀ méjì tí ó di ara wọn mú ṣe ìsopọ̀. Irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dúró nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n inú sẹ́ẹ̀lì kún fún glutathione, mólékù kékeré kan tí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ń ṣe, ju inú ẹ̀jẹ̀ lọ fíìfíì, glutathione yìí ni yóò sì já a. Ìsopọ̀ tí ó mọ̀ pé òun ti délé nìyẹn.

Ṣé òótọ́ ni pé ohun tí ó wà nínú òrí tí à ń fi pa ara wà nínú ọ̀rá yìí?

Òótọ́ ni, mo sì fẹ́ràn ìbéèrè yìí. Òrí tí wọ́n ń fún láti ara èso igi emi ní agbègbè wa, títí dé Ṣakí, ní ásíìdì ọ̀rá méjì tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀: stearic acid àti oleic acid. Àwọn méjèèjì ní kábọ́ọ̀nù 18. Síbẹ̀, ó di ìwọ̀n 69 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí stearic acid tó yọ́, nígbà tí oleic acid ti ń yọ́ ní ìwọ̀n 13. Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ ni pé ìrù stearic acid tọ́ gbọọrọ, wọ́n sì ń tò ti ara wọn bí igi ìdáná tí a dì. Ti oleic acid ní ìdè onílọ̀ọ́po-méjì kan ní àárín tí ó mú kí ìrù náà tẹ̀, igi wíwọ́ kò sì ṣeé dì pọ̀ dáadáa. Òrí tí ó le gbagidi ní òwúrọ̀ ọyẹ́, tí ó sì ń yọ́ lórí àtẹ ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, àdàlù àwọn méjèèjì yìí ni ẹ ń rí níbẹ̀.

Ìrù wíwọ́ yìí ni DOTAP, DOTMA àti DOPE ní, méjì méjì. A fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀rá tí ó bá dì gbagidi kò lè dà pọ̀ mọ́ awọ tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì. Bí a bá gé ìrù kúrú jù, ọ̀rá náà á máa dá awọ sẹ́ẹ̀lì lu bí ọṣẹ líle. Bí a bá sì fi ìrù kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un, ó ti di apakòkòrò nìyẹn, nítorí bí àwọn oògùn apakòkòrò kan tí a fi ń fọ ọgbẹ́ ti rí gan-an nìyẹn. Ìrù méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kábọ́ọ̀nù 14 sí 18, ni ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀rá tí ó ti ṣiṣẹ́ dára ní.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ìdì náà bá dé ara sẹ́ẹ̀lì?

Ìdì tí ó ní àmì ìròpọ̀ díẹ̀ lára yóò lẹ̀ mọ́ òde sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì yóò sì gbé e mì. Ṣùgbọ́n gbígbé tí ó gbé e mì kò túmọ̀ sí pé ó ti wọlé, nítorí inú àpò kékeré kan, tí wọ́n ń pè ní endosome, ni ó há sí. Ẹ rántí bí omi ògì ti ń ṣe: ní ọjọ́ tí a rẹ àgbàdo kò kan, ní ọjọ́ kejì ó ti ń kan, ní ọjọ́ kẹta ẹnu kò gbà á mọ́. Àpò yìí náà ń kan sí i ni, ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú àti wákàtí díẹ̀ ni tirẹ̀. pH ni òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí omi ti kan tó, bí ó bá sì ti ń kan sí i ni nọ́ńbà náà ń lọ sílẹ̀. pH ìta sẹ́ẹ̀lì jẹ́ 7.4, ti inú àpò náà á lọ sílẹ̀ sí 6, lẹ́yìn náà sí 5.5, níkẹyìn á sì dé ibi tí àwọn ẹ́ńsáìmù ti ń jẹ ohun gbogbo run. Kí ìdì náà tó dé ibẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ já àpò náà jáde.

Bí ó ti ń já a ni apá tí ó dùn mọ́ mi jù nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ní 1996, Xu àti Szoka ṣàlàyé pé àwọn ọ̀rá alámì-ìyọkúrò tí ó wà ní ẹ̀yìn awọ àpò náà ni wọ́n ń ṣí wá síwájú láti wá fa orí ọ̀rá wa. Bí wọ́n bá ti rí i fà, ọ̀rá wa yóò fi DNA sílẹ̀ fún wọn. Ẹ̀dá sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni ó tú ẹrù náà. DOPE sì ń ràn án lọ́wọ́, nítorí orí DOPE kéré, ìrù rẹ̀ fẹ̀, ìyẹn ni kì í fi í fẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó fẹ́ ká. Cyrus Safinya àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Santa Barbara fi ìtànṣán X-ray wò ó ní 1997 àti 1998, wọ́n sì rí i pé DNA àti ọ̀rá lè tò léra bí ojú ewé ìwé, tàbí kí wọ́n tò bí afárá oyin, tí DNA wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Bí DOPE bá pọ̀ tó, afárá oyin ni ó ń jáde, afárá oyin náà ni ó sì ń tètè dà pọ̀ mọ́ awọ àpò tí DNA fi ń bọ́.

Iṣẹ́ kò tíì tán. DNA gbọ́dọ̀ wọ inú kóró sẹ́ẹ̀lì kí a tó lè kà á, ilẹ̀kùn kóró náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣí fún nǹkan tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń pín sí méjì. Ìdí nìyẹn tí sẹ́ẹ̀lì tí ń yára pín fi rọrùn láti fún ní jíìnì ju sẹ́ẹ̀lì iṣan tàbí ti ọpọlọ lọ. mRNA, ẹ̀dà àṣẹ jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì ń kà láti ṣe prótíìnì, kò ní ìṣòro yìí, nítorí ìta kóró ni wọ́n ti ń kà á.

Báwo ni mo ṣe máa mọ iye ọ̀rá tí mo máa fi sí DNA mi?

Àmì ni kí ẹ kà, ẹ má ṣe ka ìwúwo nìkan. Máíkrógíráàmù 1 DNA ní fọ́sífétì tí ó tó nánómóòlù 3, nítorí pé ìwúwo tí ó bá fọ́sífétì kọ̀ọ̀kan lọ tó nǹkan bí 330. Bí ẹ bá fẹ́ àmì ìròpọ̀ méjì sí àmì ìyọkúrò kan, nánómóòlù 6 ọ̀rá oní-náítrójìn-kan ni ẹ nílò. Ìwúwo DOTAP pẹ̀lú chloride rẹ̀ jẹ́ 698.5, nítorí náà ẹ ó wọn máíkrógíráàmù 4.2. DOPE tí ẹ bá fi kún un kò sí nínú ìṣirò àmì, nítorí àmì méjèèjì ni ó ní, wọ́n sì ti pa ara wọn rẹ́. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi ìwúwo DOPE kún ti DOTAP kí ó tó ṣe ìṣirò, tí ó sì fi oṣù kan wá ohun tí ó bàjẹ́.

Mo ṣe gbogbo rẹ̀ bí ìwé ti wí, kò sì ṣiṣẹ́. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, mo ní ìgò kékeré kan tí mo tọ́jú ọ̀rá mi sí nínú fíríìjì yàrá ìwádìí kan. Iná lọ fún ọjọ́ méjì, jẹnẹrétọ̀ kò sí epo, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún mi. Nígbà tí mo padà, ìgò náà ti tutù bí ó ti máa ń rí, n kò fura. Mo yọ́ ọ̀rá náà, mo pò ó mọ́ DNA tí ó ní jíìnì luciferase, jíìnì tí ń mú kí tanátaná máa tàn lóru, mo dà á sórí sẹ́ẹ̀lì, mo sì wọn ìmọ́lẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Òkùnkùn biribiri. Mo tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ní ìgbà kẹrin ni mo gbé ìgò náà sí imú, mo sì gbọ́ òórùn òróró ẹ̀pà tí ó ti pẹ́ nílẹ̀. Mo kán ọ̀rá náà sórí pátákó silica tẹ́ẹ́rẹ́, mo jẹ́ kí omi kẹ́míkà gùn ún. Dípò àmì róbótó kan ṣoṣo, ìlà gígùn gbọọrọ ni mo rí. Ọ́síjìn ti mú àwọn ìdè onílọ̀ọ́po-méjì inú ìrù rẹ̀, ọ̀rinrin sì ti gé àwọn ìsopọ̀ ester. Ọ̀rá mi ti kú tipẹ́.

Láti ìgbà náà, n kì í lo ọ̀rá tí n kò bá tíì yẹ̀ wò lórí pátákó silica ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo ń tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò dúdú, mo ń fi afẹ́fẹ́ náítrójìn lé ọ́síjìn jáde lórí rẹ̀, mo sì ń pín in sí ìgò kéékèèké kí n má baà máa ṣí èyí tí ó tóbi ní ìgbà gbogbo. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, tí ooru Ògbómọ̀ṣọ́ ń mú, ó sàn kí ẹ se ọ̀rá díẹ̀ tí ẹ ó tètè lò tán ju kí ẹ se púpọ̀ tí ẹ kò ní fíríìjì tí ó dáńgájíá fún.

Bí ọ̀rá yín bá mọ́, ẹ yẹ àwọn nǹkan mìíràn wò. Omi ara ẹ̀jẹ̀ màlúù tí a ń fi bọ́ sẹ́ẹ̀lì kún fún prótíìnì alámì-ìyọkúrò, wọn a sì bo ìdì yín tàbí kí wọ́n mú un dì gúlọ́gúlọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń yọ ọ́ kúrò fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà àkọ́kọ́. Ẹ yọ oògùn apakòkòrò (antibiotic) tí a ń fi sínú oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì kúrò pẹ̀lú, nítorí sẹ́ẹ̀lì tí awọ rẹ̀ ti ṣí díẹ̀ yóò mu ún ju bí ó ti yẹ lọ. Kí ẹ sì máa fi àwo kan sílẹ̀ fún DNA láìsí ọ̀rá, òmíràn fún ọ̀rá láìsí DNA. Láìsí àwo méjèèjì yìí, ẹ kò lè mọ ẹni tí ó jẹ̀bi.

Ṣé ọ̀rá yìí kò ní pa sẹ́ẹ̀lì?

Ó ń pa á, bí a kò bá ṣọ́ra. Ohun tí ó mú kí ó lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì náà ni ó lè mú kí ó fà á ya, ó sì lè fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Bí a bá gún un sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, prótíìnì ẹ̀jẹ̀ yóò bò ó, ọ̀pọ̀ rẹ̀ yóò sì há sínú ẹ̀dọ̀fóró tàbí ẹ̀dọ̀. Fún nǹkan bí ogún ọdún ni àmì ìròpọ̀ tí kì í kúrò yìí fi dè wá lọ́wọ́.

Ọ̀nà àbáyọ wá láti inú ìbéèrè tí mo sọ lókè, pé níbo ni a fẹ́ kí ìdì ti tú. Àwọn olùwádìí ṣe orí tí kò ní àmì rárá ní pH 7.4 ti ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n tí yóò gba háídrójìn alámì-ìròpọ̀ mọ́ra bí ibi tí ó wà bá ti ń kan. Nínú omi ásíìdì ni a ti ń fi í di ẹrù. A ó wá dá omi náà padà sí bí ti ẹ̀jẹ̀, orí náà á pa àmì rẹ̀ mọ́, kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lọ́nà. Bí ó bá dé inú àpò tí ń kan, àmì á tún yọ, á sì fa awọ àpò náà ya. Wọ́n ṣe oríṣiríṣi, wọ́n ń yí orí àti ìrù padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì rí i pé fún ẹ̀dọ̀, èyí tí pKa rẹ̀, ìyẹn pH tí ìdajì àwọn orí náà ti ń gba àmì, wà láàárín 6.2 sí 6.5 ni ó dára jù. Èyí tí wọ́n ń pè ní MC3 ní 6.44, ìrù méjì tí ìdè onílọ̀ọ́po-méjì wà méjì méjì nínú wọn, àti ìsopọ̀ ester. MC3 ni ó gbé oògùn patisiran, tí àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù Ògún ọdún 2018 fún àrùn iṣan ara kan tí a ń jogún. Nínú rẹ̀, ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún mólékù ọ̀rá ni MC3, ọ̀rá mìíràn tí ń jẹ́ DSPC jẹ́ 10, cholesterol jẹ́ 38.5, ọ̀rá tí a so PEG mọ́ sì jẹ́ 1.5, PEG yìí ni kì í jẹ́ kí àwọn ìdì náà lẹ̀ mọ́ ara wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìṣòro ti tán. Ìwádìí kan ní 2013 wo irú ìdì bẹ́ẹ̀ ní àwòfín, ó sì rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù tí sẹ́ẹ̀lì gbé mì, 1 sí 2 péré ni ó jáde kúrò nínú àpò. Gbogbo ìyókù ṣègbé sínú rẹ̀.

Ṣé èyí ni ó wà nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà? Ṣé ó sì ń yí ìran ènìyàn padà?

Irú rẹ̀ ni. SM-102 ni ó wà nínú ti Moderna, ALC-0315 sì wà nínú ti Pfizer àti BioNTech. Àwọn méjèèjì jẹ́ ọ̀rá tí àmì rẹ̀ ń yọ nígbà tí ibi bá kan. Kò yí ìran padà: mRNA ni wọ́n gbé, ìta kóró ni wọ́n ti kà á, sẹ́ẹ̀lì sì ń gé e dànù láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Fáírọ́ọ̀sì ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ń gbé jíìnì ju ọ̀rá lọ.

Ó ń gbé e jù ú lọ lóòótọ́. Iṣẹ́ tí a dá a fún nìyẹn. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn mọ fáírọ́ọ̀sì, ó sì ń bá a jà. Ní 1999, Jesse Gelsinger, ọ̀dọ́kùnrin ọmọ ọdún 18, kú ní Philadelphia lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin tí wọ́n fi irú fáírọ́ọ̀sì kan, adenovirus, gbé jíìnì sínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì AAV tí wọ́n ń lò jù báyìí kò lè gbé ju nǹkan bí 4,700 lẹ́tà lọ, ó sì ṣòro láti fún ẹnì kan náà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ̀rá kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi ọ̀rá kan tí ń jẹ́ GL67A gbé jíìnì sínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí ó ní cystic fibrosis, àrùn àjogúnbá tí ń fi ikun dí ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n ń fà á símú lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún ọdún kan gbáko. Ní 2015 wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé mímí wọn sàn ju ti àwọn tí kò gbà á lọ pẹ̀lú ìdá 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyàtọ̀ kékeré ni. Síbẹ̀, fífún ènìyàn ní ẹ̀ẹ̀méjìlá kì í ṣe ohun kékeré.

Ṣé a lè ṣe irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́?

A lè bẹ̀rẹ̀. Síso oleic acid mọ́ orí onínáítrójìn kì í ṣe iṣẹ́ tí ó ju yàrá kẹ́místrì yunifásítì lọ, bí ìgò bá gbẹ tí afẹ́fẹ́ náítrójìn sì wà. Èèpo kóró kaṣú tí à ń dànù káàkiri ìlú yìí ní cardanol nínú, tí ìrù rẹ̀ ní kábọ́ọ̀nù 15, àwọn onímọ̀ sì ti ń fi í ṣe oríṣiríṣi ohun tí ń ṣiṣẹ́ bí ọṣẹ. Mo rò pé ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wa kan fi orí alámì-ìròpọ̀ sí i kí a wo bí yóò ti rí. Ibi tí ó ti ń ṣòro ni ìdánilójú pé ohun tí a ṣe ni a rò pé a ṣe, nítorí ẹ̀rọ NMR, tí ń fi bí mólékù ti rí hàn, kò sí ní gbogbo ibi, àti títọ́jú sẹ́ẹ̀lì láàyè nígbà tí iná kò dúró. Chloroform, omi kẹ́míkà tí a fi ń yọ́ ọ̀rá, náà kì í ṣe ohun tí a ń ṣí sílẹ̀ ní yàrá tí kò ní ẹ̀rọ tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí mo ti rí ẹni tí ó dákú.

Ọmọ mi ní SS. Ṣé ọ̀rá yìí lè wò ó sàn?

Kò tíì lè ṣe é lónìí. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó yí padà nínú jíìnì ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, A di T, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa nínú iṣẹ́ yìí fi ń lé e. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwòsàn jíìnì méjì fún un, ṣùgbọ́n nínú méjèèjì, wọ́n ń kọ́kọ́ kó sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn jáde, wọ́n ń tún un ṣe níta, wọ́n sì ń fi oògùn líle pa èyí tí ó kù kí wọ́n tó dá a padà. Iná mànàmáná ni wọ́n fi ṣí sẹ́ẹ̀lì nínú ọ̀kan, fáírọ́ọ̀sì ni ti èkejì, owó ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ju mílíọ̀nù 2 dọ́là lọ.

Ọ̀rá tí ó bá lè gbé àtúnṣe náà lọ sínú mùdùnmúdùn eegun nípasẹ̀ abẹ́rẹ́ lásán yóò gba ọmọ lọ́wọ́ gbogbo ìyẹn. Ẹ̀dọ̀ ni ọ̀rá wa mọ̀ ọ́n lọ jù, nítorí prótíìnì kan nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ sì ń gbà á wọlé. Ní 2023, àwọn olùwádìí so èròjà tí ó mọ sẹ́ẹ̀lì ìpilẹ̀ ẹ̀jẹ̀ mọ́ ara irú ìdì bẹ́ẹ̀, ó sì dé mùdùnmúdùn eegun nínú eku. Eku ṣì ni.

Ìyá, ní báyìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ ìpàdé dókítà ọmọ náà kọjá, ẹ máa fún un ní folic acid àti oògùn ibà bí wọ́n ti kọ ọ́, kí ó máa sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn, kí ó máa mu omi dáadáa, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá hydroxyurea yẹ fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun ní abẹ́rẹ́ jíìnì fún SS ní ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ má fún un lówó.